Sùúrùlérè, Múṣin, àti Ilé tí Báǹkì Kò Kọ́

Ẹ bi àwọn onílé ní Múṣin léèrè ibi tí wọ́n ti rówó kọ́lé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò dárúkọ báǹkì. Kì í ṣe pé kò sí ẹ̀yáwó ilé nílẹ̀ yìí. Ọdún 1956 ni wọ́n dá Nigerian Building Society sílẹ̀, òun náà ló di Federal Mortgage Bank ní 1977. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba owó oṣù, tó sì ní ìwé ilẹ̀ tí òfin mọ̀, ni irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ wà fún. Alájàpá, télọ̀ àti awakọ̀ kò sí nínú ìṣirò náà. Bí irú wọn ṣe ń wá ilé hàn kedere nínú ìtàn àdúgbò méjì tó fara kanra, Sùúrùlérè àti Múṣin.

Ọwọ́ ìjọba ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú Sùúrùlérè tí a mọ̀ lónìí. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti wó àwọn ilé tó há gádígádí, kí ó sì la àdúgbò tuntun. Ní 1955, ìgbìmọ̀ náà dojú kọ nǹkan bí éékà 70 láàárín erékùṣù Èkó. Wọ́n wó ilé, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris ṣe ìwádìí láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó bá pàdé kò dùn ún gbọ́. Ìyá tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní erékùṣù pàdánù ọjà. Owó ọkọ̀ ga. Ẹni tó ti ń gbé ilé ẹbí láìsan nǹkan kan wá di ayálégbé ìjọba. Orúkọ àdúgbò náà ní sùúrù lérè. Ta ló jẹ èrè náà ni ìbéèrè.

Abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni Múṣin wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, nítorí náà agbára ìgbìmọ̀ yẹn kò dé ibẹ̀. Ọwọ́ àwọn ẹbí onílẹ̀ ni àlejò ti ń ra ilẹ̀. Ẹni tó kó àjọ lónìí yóò ra ilẹ̀. Nígbà tó bá tún kó òmíràn, yóò dá ìpìlẹ̀. Bí yàrá méjì bá ti rí páànù, a kó sí ọ̀kan, a sì gba ayálégbé sí èkejì. Owó ayálégbé yìí ni yóò ra sìmẹ́ńtì yàrá kẹta. Báyìí ni ilé oníyàrá mẹ́wàá, tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra, ṣe ń dìde láàárín ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ayálégbé gan-an ni báǹkì Múṣin.

Ọ̀nà yìí ní ìyà tirẹ̀. Wọ́n a ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ẹjọ́ a sì pẹ́ ju ilé lọ. Ẹni púpọ̀ ń gbé yàrá kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ń sin gbogbo agboolé.

Láti 1979 sí 1983, Lateef Jakande, akọ̀ròyìn tó di gómìnà, gbìyànjú ohun mìíràn: ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri Èkó, ó kọ́ ti Ìpọnrí sí Sùúrùlérè. Àwọn kan fi ilé náà ṣẹ̀sín nígbà náà. Ìfipágbàjọba ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983 ló dá iṣẹ́ náà dúró, àwọn tó tẹ̀ lé e kò sì kọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ètò tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tún padà sí ọ̀dọ̀ olówó oṣù. Òfin National Housing Fund ti 1992 ń gba ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù. Kò yọ oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ló ń ká wọn lọ́wọ́ kò. Ètò tí Ìpínlẹ̀ Èkó gbé jáde ní 2016, nínú èyí tí ènìyàn ń san ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó wọlé, kí ó sì san ìyókù fún ọdún 10, dára ju ọ̀pọ̀ lọ. Síbẹ̀, ó ń béèrè ẹ̀rí owó tó ń wọlé àti ẹ̀rí owó orí. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládípọ̀ lè ti máa dá àjọ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, kí ó má sì jẹ alájọ ní gbèsè rí. Gbogbo rẹ̀ wà nínú káàdì alájọ, ìlà kan fún ọjọ́ kan, pẹ̀lú owó ọjọ́ kan lóṣù tó jẹ́ ti alájọ. Nínú gbogbo ètò tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tó ní kí ó mú káàdì náà wá.