Ta Ló Ni Ilé Eré Àwọn Ọmọ Wa? Ìtàn Server Géèmù Láti 1978

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà kan wà tí àwọn ọmọ wa ń ná lójoojúmọ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí kò tíì dé rí. Géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọjà náà. Ibẹ̀ ni ọmọ tó wà ní Kano tàbí Jos ti ń bá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn ṣeré, tí èyí tó wà ní London náà yóò sì dá sí i. Ó ń so ẹbí tó fọ́nká pọ̀, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ wa. Ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí gbogbo àwọn tó ń ṣeré pọ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni à ń pè ní server. Òun ló ń rántí ilé tí ọmọ kọ́ nínú eré, ogun tó jà àti ohun tó kó jọ. Bí wọ́n bá pa server, eré parí. Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá jẹun ní ìlú onílùú mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé tí a háyà àti ilé tí a fi owó ara wa kọ́. Orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1978, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Roy Trubshaw, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré kan tí ó pè ní MUD. Ní 1980, Richard Bartle gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àwòrán nínú eré yìí. Ẹni tó ń ṣe é yóò tẹ ọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kọ̀ǹpútà yóò sì fi ọ̀rọ̀ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Kọ̀ǹpútà yunifásítì ló gbé e. Wọ́n gba àwọn ará ìta láàyè láti wọlé, ṣùgbọ́n òru ni, nígbà tí àwọn onílé kò lò ó. Àlejò ni wọ́n.

Kò pẹ́ tí owó wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ CompuServe ń ka wákàtí fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí eré Island of Kesmai dé orí rẹ̀ ní 1985, nǹkan bíi dọ́là 6 ni wákàtí kan lórí ìlà tẹlifóònù tó lọ́ra, dọ́là 12 lórí èyí tó yá. Ní 1987, CompuServe gbé MUD fúnra rẹ̀ jáde, ó sọ ọ́ ní British Legends. Nígbà tí 1999 ń parí lọ, ó pa á.

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn

Ní 1996, ilé-iṣẹ́ id Software ní Texas gbé Quake jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó dára lè dá server tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní 1999, àwọn ọ̀dọ́ méjì, Minh Le àti Jess Cliffe, ṣe Counter-Strike láti ara eré mìíràn tó ń jẹ́ Half-Life. Ẹgbẹ́ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé kò lè gbé ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ bí a ti ń dá èsúsú, wọ́n sì ń háyà server lọ́wọ́ àwọn tó ní ilé ńlá tí iná rẹ̀ kì í kú. Báyìí ni òwò háyà server géèmù ṣe gbilẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kò fi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ultima Online tó jáde ní 1997 ń gba nǹkan bíi dọ́là 10 lóṣù. World of Warcraft tẹ̀lé e ní 2004. Ní 2010 àwọn tó ń san owó rẹ̀ ju mílíọ̀nù 12 lọ. Ilé aláruru ni, ṣùgbọ́n onílé nìkan ló ni ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ tí onílé ti ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2012, NCsoft pa City of Heroes, eré tí àwọn ènìyàn ti ń ṣe láti 2004. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kò gbọ́. Àwọn kan gbé e sórí server tiwọn ní ìkọ̀kọ̀; àṣírí náà tú ní 2019. Ní oṣù Kìíní 2024 ni NCsoft tó fún ẹgbẹ́ Homecoming ní àṣẹ láti máa gbé e lọ. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2024, Ubisoft pa server The Crew, eré ọkọ̀ tó jáde ní 2014. Ẹni tó fi owó rẹ̀ ra á kò lè ṣe é mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní díìsìkì rẹ̀ nílé. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.

Bí a bá fẹ́ háyà server

Minecraft, tí Markus Persson ará Sweden kọ́kọ́ gbé jáde ní 2009, ni eré tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń mọ ọ̀rọ̀ háyà server. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ń fi ètò server rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà ọmọ lè ní kí bàbá òun san owó fún ibi tí yóò gbé e sí. Kí bàbá tó san án, kí ó wo nǹkan mẹ́rin.

Èkíní ni ibi tí server wà. Ọ̀rọ̀ inú wáyà abẹ́ òkun ń sáré tó 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó dé London jẹ́ nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì sábà máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún àwa tí a wà ní òkè Ọya, ẹ fi ìrìn láti ọ̀dọ̀ wa dé Èkó kún un. Fún eré ìkọ́lé, èyí kò burú. Fún eré ìbọn, ẹni tó jìnnà ni yóò máa kú. Ẹ má sì gbàgbé pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà létí òkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà.

Èkejì ni ẹ̀dà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021, iná jó ilé server OVH ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Server 25 ti eré Rust ṣègbé, ohun tó wà lórí wọn kò sì ṣeé gbà padà. Ẹ rí i pé ẹ̀dà ohun tí ọmọ kọ́ wà nínú ilé tiyín.

Ẹ̀kẹta ni ààbò. Ní 2016, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Amẹ́ríkà ṣe ètò ibi kan tó ń jẹ́ Mirai, wọ́n sì fi gbógun ti àwọn tó ń gbé server Minecraft. Ní 2017 wọ́n gbà níwájú adájọ́ pé àwọn jẹ̀bi. Ẹ béèrè bí ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ bá ṣòwò ṣe ń kojú irú ìkọlù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé ìdajì, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì; ní 2024 ó kọjá 1,500. Ẹ san ti oṣù kan ná, kí ẹ dán an wò ní àsìkò tí àwọn ọmọ ń ṣeré gan-an. Ẹ má sanwó ọdún kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọjọ́ iwájú

Nítorí The Crew, Ross Scott bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games ní 2024. Ní oṣù Keje 2025, àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kọjá mílíọ̀nù kan. Wọn kò ní kí server wà títí ayé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kó kúrò fi eré náà sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á ṣì lè ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, òfin California ti sọ pé ẹni tó ń ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere bí ó bá jẹ́ àṣẹ lílò nìkan ni òun ń tà.

Òfin yìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ti dé. Kí a tó ra géèmù fún ọmọ, ẹ jẹ́ kí a bi í pé: ṣé a lè gbé server rẹ̀ fúnra wa? Bí a bá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí a háyà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé a lè kó ẹrù wa? Ti Minecraft ṣeé kó: a lè gba gbogbo ayé tí ọmọ kọ́ sílẹ̀, kí a gbé e lọ sí ibòmíràn. Èyí tí kò bá ṣeé kó, ẹ má jẹ́ kí owó wa pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré, kí wọ́n sì mọ ẹni tó ni ilé. Ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń bójú tó server ti ń kọ́ iṣẹ́ tí yóò bọ́ ọ lọ́la.