Ifẹ̀, 1970: Iṣẹ́ Tó Ṣáájú Agogo Ilé Ẹ̀kọ́

Bóyá inú dáńfó lẹ wà, bóyá ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ yá mi létí fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìtàn tòní dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà sí nǹkan gidi: ìwé ètò ẹ̀kọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sílábọ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé orúkọ yẹn nìkan lè mú oorun kun èèyàn. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1955. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tú jáde bí omi. Iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún yẹn lé ní 800,000. Àṣà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n wá yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ìwé kà dáadáa yóò kàn jí lọ́jọ́ kan, yóò bá gbogbo ẹ̀kọ́ ní èdè tí wọn kì í sọ nílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Àlíù Fáfúnwá lọ́rùn. Ọmọ Èkó ni wọ́n, wọ́n bí wọn ní 1923, wọ́n sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní New York University ní 1955. Nígbà tí wọ́n wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, wọ́n béèrè pé: ṣé a ò lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù, kí ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa sì máa kọ́ wọn?

Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Ilé iṣẹ́ Ford Foundation láti Amẹ́ríkà ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn kíláàsì kan ń fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n tún ní àwọn mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n, tí wọ́n ń bá àṣà àtijọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé èsì wọn sórí ìwọ̀n, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ti parí ìtàn náà. Wọn á ní, "Ẹ ò rí i, èdè abínibí dára!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n fò, òun ló mú mi gbé ìtàn yìí wá.

Àwọn ará Ifẹ̀ ò kàn sọ fún tíṣà pé, "Ó yá, máa fi Yorùbá kọ́ wọn." Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ètò ẹ̀kọ́ tuntun fún Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Wọ́n ṣe ìwé tí ọmọ yóò máa kà, wọ́n ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà fún olùkọ́, wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ náà lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ wo ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Ká ní tíṣà kan fẹ́ fi Yorùbá kọ́ ìṣirò láìsí ètò kankan. Ó kọ 45 sójú pátákó. Márùndínláàádọ́ta ni: ìyẹn àádọ́ta, kí o yọ márùn-ún kúrò. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti mọ àádọ́ta, kó sì ti mọ bí a ṣe ń yọ nǹkan kúrò, kí orúkọ yẹn tó lè yé e. Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Kí ni kí a pe onígun mẹ́ta? Tí tíṣà kíláàsì kẹta bá pè é ní orúkọ kan, tí ti kíláàsì kẹrin pè é ní òmíràn, ọmọ ti sọnù nìyẹn. Sílábọ́ọ̀sì ló ń sọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹnu àwọn olùkọ́ kò.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ayé tiwa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Mínísítà tó kéde rẹ̀, Adamu Adamu, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé yóò gba àkókò kí ìwé àti olùkọ́ tó wà nílẹ̀. Ní 2025, ìjọba mìíràn fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì la ó máa fi kọ́ wọn. Ariwo ta: àwọn kan ní Fáfúnwá ló jàre, àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbéni débi iṣẹ́. Èrò tèmi ni pé a ò tíì dán nǹkan tí Ifẹ̀ ṣe wò jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí rí. Ìkéde la ṣe. A ò tíì ṣe ìpalẹ̀mọ́.

Mo mọ ìyàtọ̀ yẹn lára. Ní yunifásítì, olùkọ́ wa kan fún wa ní ìwé kan ṣoṣo lọ́jọ́ àkọ́kọ́: iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé tí a ó kà, bí wọn yóò ṣe pín máàkì. Nígbà tí ara wọn ò yá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà, kò ṣìnà rárá. Nínú kọ́ọ̀sì mìíràn, a ò rí nǹkankan gbà. Ọjọ́ ìdánwò la tó mọ ohun tó yẹ ká ti kà.

Àwọn kan á ní sílábọ́ọ̀sì máa ń so tíṣà lọ́wọ́. Ẹ bi onílù. Ẹni tó ti mọ ìlù látilẹ̀ ló lè fi dárà lójú agbo. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn máa lu awọ ni.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá wọ kíláàsì, tàbí tẹ́ ẹ sanwó kọ́ọ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè sílábọ́ọ̀sì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ìjọba bá sì tún kéde ètò ẹ̀kọ́ tuntun, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí èdè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan: ìwé rẹ̀ dà?

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.