ÌTỌ́JÚ ABOYÚN NÍ ÌLỌRIN: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌTÀN LÁTI AGBOOLÉ DÉ ILÉ ÌWÒSÀN

Àṣamọ̀
Iṣẹ́ yìí tọpinpin ọ̀nà tí àwọn ará Ìlọrin ti gbà ń dáàbò bo aboyún láti ìgbà tí àwọn àgbà obìnrin, agbẹ̀bí àti àwọn àlùfáà nìkan ń ṣe é, títí di ìgbà tí ilé ìwòsàn dá sí i. Ó fi hàn pé ìṣọ́ ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà méjèèjì, àti pé ibi tí ó yẹ kí ọ̀nà kan ti fa aboyún lé èkejì lọ́wọ́ gan-an ni ewu ti máa ń pọ̀ jù. Ó sì dábàá iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

1.0 Ìfáàrà
Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí obìnrin bá bímọ tán, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni wọ́n máa ń kí i. Kí ó tó bí, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní" ni àdúrà tí ojúlùmọ̀ àti àlejò ń ṣe fún un. Kíkí yìí kì í ṣe ẹwà èdè lásán. Ẹ̀rí ni ó jẹ́ pé àwọn Yorùbá àtijọ́ mọ̀ pé ewu wà nínú oyún àti nínú ìkúnlẹ̀ abiyamọ, wọ́n sì fi ìmọ̀ náà pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́.

Ewu náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ètò ìlera àti iye ènìyàn ní 2013 fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè, ìyá 576 ni ó ń kú. Ti 2018 sọ ọ́ di 512. Ìbéèrè tí ó wá yẹ kí a bi ìtàn ni èyí: kí ni àwọn ará Ìlọrin ti ń ṣe sí ewu yìí, kí ni ó ti ṣiṣẹ́, kí sì ni ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀?

2.0 Ìlọrin àti ipò rẹ̀ nínú ìtàn
Ìlọrin jẹ́ ìlú tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá àti Núpé ti jùmọ̀ ń gbé. Lẹ́yìn ìjà tí ó gba ẹ̀mí Àfọ̀njá, Abdulsalami, ọmọ Ṣéù Àlímì, di Ẹ́míà àkọ́kọ́ ní nǹkan bí 1823, ìlú náà sì di ojúkò ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1897, ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun rẹ̀. Abẹ́ àkóso apá Àríwá ni Ìlọrin wà láti ìgbà náà títí di oṣù karùn-ún 1967, nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara lónìí sílẹ̀.

Ipò yìí ní ipa lórí ìtọ́jú aboyún. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn ajíhìnrere Kírísítẹ́nì ni ó kọ́kọ́ gbé ilé ìwòsàn wọ̀lú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Ìlọrin, Dókítà George Green ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ti ìjọ Onítẹ̀bọmi láti 1907. Ìlọrin kò ṣí ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún àwọn ajíhìnrere. Nítorí náà, fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ agboolé àti àlùfáà ni aboyún Ìlọrin wà.

3.0 Ìtọ́jú ní agboolé
Ní agboolé, ìyá ọkọ, ìyálé àti àwọn àgbà obìnrin ni ó máa ń kọ́kọ́ fura sí oyún, àwọn náà ni wọ́n sì máa ń ṣọ́ ọ. Wọn a máa wo bí ó ṣe ń jẹun, bí ó ṣe ń sùn àti bí ara rẹ̀ ṣe ń yí padà. Agbẹ̀bí a máa fi ọwọ́ wo ikùn rẹ̀ láti mọ bí ọmọ ṣe sùn. Àgbo àti àṣèjẹ wà fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ìdè sì wà fún oyún tí ó bá fẹ́ wálẹ̀. Àwọn àlùfáà ní tiwọn a máa kọ àyọkà Kùránì sára wàláà, wọn a fi omi fọ̀ ọ́, aboyún a sì mu omi náà, èyí tí a mọ̀ sí hàǹtú.

Èèwọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Aboyún kò gbọdọ̀ rìn ní ọ̀sán gangan tàbí ní òru, kí àǹjọ̀nú má baà yí ọmọ inú rẹ̀ padà. Bí ó bá di dandan kí ó jáde, yóò fi pínnì kọ́ aṣọ rẹ̀. Ìdí tí a fi fún èèwọ̀ náà jẹ́ ti ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ni pé aboyún sinmi nígbà tí oòrùn mú jù, kò sì fẹsẹ̀ kọ nínú òkùnkùn. Gbogbo èèwọ̀ kọ́ ni ó ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ní kí aboyún má jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́, gba oúnjẹ tí ó ń fún ara ní okun àti ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù lọ.

Ẹ̀sìn pàápàá ṣe ètò fún ìlera. Ní ìlànà Màlíkì tí Ìlọrin ń tẹ̀ lé, aboyún tí ó bá ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ inú rẹ̀ lè ṣínu nínú Rámádáànù, kí ó sì san án padà nígbà mìíràn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo aboyún ni ó ń lo àǹfààní yìí. Ẹlòmíràn ń tijú àwọn ará ilé, ẹlòmíràn kò sì fẹ́ jẹ gbèsè ààwẹ̀.

4.0 Iṣẹ́ òòjọ́ àti ewu inú ilé
Oyún kì í dá iṣẹ́ òòjọ́ dúró. Ní Òkèlele, àwọn obìnrin tí ń mọ ìkòkò ní Ẹ̀bu Dada a máa gún amọ̀, wọn a máa gbé e, wọn a sì máa fi igi àti koríko sun ìkòkò ní gbangba. Èéfín ibẹ̀ àti èéfín ààrò ìdáná kò yàtọ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró aboyún: àwọn méjèèjì ń dín afẹ́fẹ́ rere tí ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú kù. Ẹrù tí ó wúwo àti ọ̀kadà tí ń já sí kòtò jẹ́ ewu mìíràn tí a kì í kà sí.

Omi náà fa ìnira. Ní àwọn ọdún 1980, Edungbola àti Watts ti Yunifásítì Ìlọrin kọ̀wé lórí bí sòbìà ṣe jà ní ẹ̀yìn odi Ìlọrin àti ní àwọn ìletò Kwara. Omi adágún tí a kò sẹ́ ni ó ń fà á. Ẹni tí sòbìà bá dá dùbúlẹ̀ kò lè lọ sí oko tàbí ọjà, kò sì lè rìn lọ sí ibi ìtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ aboyún, ìyà náà di méjì. Sísẹ́ omi, kànga tí ó dára àti ẹ̀kọ́ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ìparí 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé kò sí sòbìà mọ́ ní Nàìjíríà.

Ewu kan wà tí ó ń fi ara pamọ́ sínú ẹwà. Tìróò tí a ń lé sójú sábà máa ń ní òjé nínú, ẹfun tí àwọn aboyún kan ń jẹ nígbà tí èébì bá ń gbé wọn náà sì lè ní in. Òjé a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 2011, a rí òjé púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Tìróò tí a rà láti Nàìjíríà tí wọ́n ń lé sí i lójú ni a rí pé ó fà á. Ohun tí a kà sí ọ̀ṣọ́ àti ìdáàbòbò ni ó di májèlé.

5.0 Ilé ìwòsàn àti ìmọ̀ tuntun
Nígbà tí a dá Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1980, ìwádìí lórí ikú abiyamọ ti ń lọ ní apá Àríwá. Ní Zaria, láàárín 1976 àti 1979, Kelsey Harrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkọsílẹ̀ ìbímọ 22,774. Ìyá 238 ni ó kú. Àwọn tí kò fi orúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú nígbà oyún, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá nígbà tí ọ̀ràn ti bàjẹ́, ni ikú pa jù. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó bí ìpàdé Nairobi ní 1987, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti pinnu láti gbógun ti ikú abiyamọ. Ní àkókò kan náà, Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera, ń gbé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà.

Ní Ìlọrin gan-an, àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn ìkọ́ni náà ṣàyẹ̀wò ikú abiyamọ láti 1997 sí 2002. Ìyá 108 ni ó kú níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 825 nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń di gìrì ni ó ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ dídà tẹ̀ lé e, oyún ṣíṣẹ́ lọ́nà tí kò dára sì wà lára àwọn tí ó kù.

Gìrì aboyún yẹ fún àkíyèsí. Ní àwọn agbègbè kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìwádìí fi hàn pé òtútù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń fà á. Ìmọ̀ ìṣègùn sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àmì rẹ̀ a sì máa ṣáájú: orí tí ń fọ́ tí kò dáwọ́ dúró, ojú tí ń ṣú, ọwọ́ àti ojú tí ń wú. Ìwádìí káríayé kan ní 1995 fi hàn pé oògùn magnesium sulphate ṣiṣẹ́ fún un ju àwọn tí a ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni oògùn yìí wà, kò sí ní agboolé.

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí aboyún rí elétò ìlera ó kéré tán ní ìgbà mẹ́jọ. Níbẹ̀ ni a ti ń wọn ìfúnpá, tí a ti ń yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò, tí a ti ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, oògùn tí ń dènà ibà àti àwọ̀n ẹ̀fọn.

6.0 Ibi tí ọ̀nà ti já
Ní 1994, Thaddeus àti Maine ṣàlàyé pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa abiyamọ: ìdádúró láti pinnu, ìdádúró ní ọ̀nà, àti ìdádúró ní ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Àlàyé yìí bá Ìlọrin mu. Ní agboolé, ẹni tí ó ń ṣọ́ aboyún kì í ṣe ẹni tí ó ni àṣẹ láti ní kí wọ́n gbé e lọ. Ọkọ lè wà ní ìrìn àjò, owó lè má sí nílé, àwọn àgbà sì lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá àlùfáà. Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ tàbí oníṣègùn lè má sí nítòsí.

Ìgbìyànjú kan láti mú ìdádúró owó kúrò bẹ̀rẹ̀ ní Shonga ní 2007, nígbà tí ìjọba Kwara, ilé iṣẹ́ Hygeia àti àwọn alájọṣe láti ilẹ̀ Netherlands gbé ètò adójútòfò ìlera kalẹ̀ fún ará oko. Ní 2009, ó dé agbègbè Afọn ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san, ìtọ́jú oyún àti ìgbẹ̀bí sì wà nínú rẹ̀. Ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀ kí 2020 tó dé. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ ni pé aboyún kò kórìíra ilé ìwòsàn. Owó ni ó ń dẹ́rù bà á.

7.0 Iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́
Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọbìnrin tí ó wà nínú kíláàsì lónìí ni yóò di aboyún lọ́la. Ọmọkùnrin tí ó jókòó tì í ni yóò di ọkọ tí a ń dúró de àṣẹ rẹ̀. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá fi àwọn èèwọ̀ aboyún ṣe ẹ̀kọ́ àṣà, kí ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò: èwo ni ó ń dáàbò bo ìyá, èwo ni ó ń fi ebi pa á? Ó yẹ kí wọ́n mọ orúkọ àwọn àmì ewu ní èdè abínibí: ẹ̀jẹ̀ tí ń dà, orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ń ṣú, ibà, omi tí ó tú kí ọjọ́ tó pé, ọmọ inú tí kò yíra mọ́. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ ewu ní èdè rẹ̀ yóò tètè fi í tó ará ilé létí.

8.0 Ìkádìí
Ìtàn Ìlọrin kò fi hàn pé àwọn àgbà kò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò fi hàn pé ohun tí wọ́n mọ̀ tó. Ìyá ọkọ tí ń wo ojú aboyún láràárọ̀ àti nọ́ọ̀sì tí ń wọn ìfúnpá rẹ̀ lóṣooṣù, iṣẹ́ ìṣọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ìyá ọkọ ni ó máa ń kọ́kọ́ rí i pé ojú ti wú. Nọ́ọ̀sì ni ó mọ ohun tí wíwú náà lè dà, tí oògùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó ké sí nọ́ọ̀sì, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá a dúró nítorí owó tàbí nítorí àṣẹ, a ó máa gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì máa gbọ́ ohùn ọmọ.