Gírámà ńláńlá láti ẹnu àwọn òṣèlú wa

Ní Maitama, nílùú Abuja, ọ́fíìsì British Council ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó fẹ́ ròkè òkun ń lọ nítorí ìdánwò IELTS. Gírámà ńláńlá ni púpọ̀ nínú wọn ń há sórí, wọ́n gbà pé òun ló ń gba máàkì. Ìdá kan péré nínú mẹ́rin máàkì ìwé kíkọ ló wà fún ọ̀rọ̀ tí a lò, èyí tó bọ́ sójú ẹ̀ ni wọ́n sì ń wò. Ìfẹ́ gírámà yìí ti pẹ́ lára wa. Ẹnu òṣèlú la ti kó o.

Adégòkè Adélabú ti Ìbàdàn ló kọ ìwé Africa in Ebullition lọ́dún 1952. Ebullition: omi tó ń hó yaya lórí iná. Nílé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ló ti pe ọ̀ràn kan ní “peculiar mess”. Àwọn èèyàn rẹ̀ tí kò gbọ́ òyìnbó mú un bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ: pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Alájọ tó ti ná owó ọlọ́jà, tí ọjọ́ kíkó sì pé, ti kó sí pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adélabú nítòsí Òde Rẹ́mọ ní March 25, 1958, ṣùgbọ́n títí dòní la ṣì ń sọ pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì. Wole Soyinka pàápàá fi í sí àkọlé ìwé kan lọ́dún 1994.

K. O. Mbadiwe, ọmọ Arondizuogu tó kàwé l’Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀, “timber and calibre” ló ń pe àwọn èèkàn ìlú. Òun náà ló sọ juggernaut di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olóṣèlú. Íńdíà lọ̀rọ̀ yẹn ti wá, láti ara kẹ̀kẹ́ òrìṣà Jagannath ní Puri, tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń fi okùn fà. Ohun tó ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá dúró là ń pè bẹ́ẹ̀. Olówó lásán kọ́.

Patrick Obahiagbon, tó ń jẹ́ Igodomigodo, orúkọ Benin àtijọ́, ṣojú Oredo nílé aṣòfin l’Abuja láti 2007 sí 2011. Ìgbà tirẹ̀ ni gírámà di eré ìdárayá fún gbogbo ìlú. Ọ̀kan wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ ká mú ní dandan: kakistocracy, ìjọba àwọn tó burú jù láwùjọ. Èdè Gíríìkì ni gbòǹgbò rẹ̀, oníwàásù kan sì ti lò ó ní Oxford lọ́dún 1644. Ìjọba tó kàn ṣe àṣìṣe kò tíì dé ibẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dìídì fi àwọn tó yẹ sílẹ̀, tí wọ́n wá kó àwọn tí kò yẹ rárá sórí àléfà, ni kẹ́ ẹ tó lò ó.