Mirror's Edge Catalyst: Apá Kejì Tó Gbọ́ràn sí Àwọn Alámèyítọ́ Lẹ́nu

Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ló lè júwe ibi tí ìrora wà, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ́ di oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn géèmù méjì tí ilé-iṣẹ́ DICE, ní ìlú Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden, ṣe. Mirror's Edge ni èkíní, ó jáde ní ọdún 2008. Mirror's Edge Catalyst ni èkejì, ó sì dé ní oṣù Kẹfà ọdún 2016. Àwọn alámèyítọ́ sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú èkíní. Àwọn tó ṣe é gbọ́, wọ́n sì tún un ṣe. Nígbà tí èkejì dé, ìdájọ́ tí wọ́n gbà burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti eré ọmọdé lásán, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ á fò wá ru, nítorí ó kan bí a ṣe ń dá iṣẹ́ ọnà lẹ́jọ́ àti ohun tí ìdájọ́ ìwàǹwára lè ṣe fún ọjọ́ iwájú iṣẹ́ náà.

Ibi tí eré sísá náà ti ṣẹ̀ wá

Orí eré ìdárayá tí à ń pè ní parkour ni wọ́n gbé géèmù méjèèjì lé. Ilẹ̀ Faransé ni parkour ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi wọn, Georges Hébert, ló gbé ìlànà ìdárayá kan kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó ti rìnrìn àjò jìnnà, ó sì ti rí bí àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ní ara tó le koko tó sì já fáfá láìsí olùkọ́ ìdárayá kankan. Inú ìlànà rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Faransé ti mú pápá ìdánwò tí wọ́n ti ń fo ògiri tí wọ́n sì ń gun okùn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe pápá náà ló sì bí orúkọ parkour. Raymond Belle, tó di panápaná ní ìlú Paris, kọ́ ìlànà yìí. Ọmọ rẹ̀, David Belle, jogún rẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ di àṣà ní Lisses, ìlú kékeré kan nítòsí Paris. Èdè Lingala ti ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti yá orúkọ ẹgbẹ́ wọn, Yamakasi, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ agbára ara àti agbára ọkàn.

Sinimá ló gbé e káyé. Fíìmù tó ń jẹ́ Yamakasi jáde ní ọdún 2001. Nígbà tó sì di ọdún 2006, Sébastien Foucan, ọ̀kan nínú àwọn ará Lisses náà, sá fún James Bond lórí àwọn irin ìkọ́lé nínú Casino Royale. Lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó tún ń béèrè ohun tí ń jẹ́ parkour. Ìbéèrè tó kù ni bí ẹni tó jókòó sínú yàrá, tó di ohun èlò géèmù mú lọ́wọ́, ṣe lè mọ eré náà lára.

Èkíní: ẹ̀bùn tó ní àbùkù

Ìbéèrè yìí ni DICE dáhùn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, nígbà tí Mirror's Edge jáde fún PlayStation 3 àti Xbox 360. Ti kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Battlefield, géèmù ogun tó kún fún ìbọn àti ọkọ̀ ogun, ni a mọ ilé-iṣẹ́ yìí mọ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ya ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí wọ́n rí ọmọbìnrin kan, Faith Connors, tó ń sáré lórí òrùlé àwọn ilé àwòṣífìlà láìmú ohun ìjà dání. Nínú ìlú tí ìtàn náà ti wáyé, àwọn aláṣẹ ń ṣọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń gbé kiri. Ẹni tó bá ní àṣírí láti fi ránṣẹ́ ní láti gbé e lé asáré bíi Faith lọ́wọ́, kí ó fi ẹsẹ̀ gbé e débẹ̀.

Ojú Faith gan-an ni à ń fi wo gbogbo rẹ̀. Bí ó bá fò, àárín òrùlé méjì ni ojú wa wà, títì sì wà nísàlẹ̀ rébété. A ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí hẹlẹ, a sì ń rí ọwọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń na etí ògiri. Bí ó bá balẹ̀ láti òkè láìyí gbirigbiri, ara rẹ̀ á gbọ̀n, eré rẹ̀ á sì já. Ìlú náà funfun báláú, ohun tó bá pupa nínú rẹ̀ ni ọ̀nà: páìpù pupa, ilẹ̀kùn pupa, pákó pupa. Kò sí géèmù ńlá kan tó ti ṣe irú èyí bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn alámèyítọ́ yìn ín, wọ́n sì tún bá a wí. Wọ́n ní ọ̀nà inú rẹ̀ há jù, pé bí asáré bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan yóò já bọ́, yóò kú, yóò sì tún ibẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Wọ́n ní ìjà inú rẹ̀ ń dá eré dúró, pàápàá ìbọn, nítorí Faith lè já ìbọn gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó sì yìn ín títí ọta inú rẹ̀ yóò fi tán. Wọ́n ní ìtàn rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sì ní àwòrán bíi ti eré ọmọdé tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kò bá ìyókù mu. Wọ́n ní kò gùn. Ìwé ìròyìn Edge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní máàkì 5 nínú 10, nígbà tí àpapọ̀ máàkì àwọn tó kù wà ní àyíká 80 nínú 100. Àwọn akẹ́gbẹ́ wọn nídìí iṣẹ́ géèmù kò fi ojú kan náà wò ó: nínú àmì-ẹ̀yẹ ti ọdún 2009 tí àwọn òṣìṣẹ́ géèmù Amẹ́ríkà ń fún ara wọn, òun ló gba ipò kìíní láàárín àwọn géèmù ìrìn-àjò.

Ọjà kò gbè é tó bí wọ́n ṣe retí. Oṣù tó jáde náà ni Gears of War 2 àti Call of Duty: World at War jáde, ìbọn sì ni ọjà ń fẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn Faith dúró títí di oṣù Kẹfà ọdún 2013, nígbà tí EA, tó ni DICE, kéde ní ìpàtẹ E3 ní Los Angeles pé apá kejì ń bọ̀.

Èkejì: gbogbo ẹ̀dùn ọkàn ni wọ́n wá ìdáhùn fún

Wọ́n sún ọjọ́ ìjáde Catalyst síwájú lẹ́ẹ̀mejì, láti oṣù Kejì ọdún 2016 sí oṣù Karùn-ún, láti ibẹ̀ sí oṣù Kẹfà. Nígbà tó dé, ẹni tó bá ti ka lámèyítọ́ ọdún 2008 lè fi ìka tọ́ ìdáhùn sí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní ọ̀nà há? Ó di ìlú ńlá tí wọ́n ń pè ní Ìlú Gíláàsì, tí asáré lè lọ sí ibi tó wù ú nínú rẹ̀. Ẹ kò fẹ́ ìbọn? Faith kò lè fọwọ́ kan ìbọn mọ́ rárá, bí ó bá sì ti ń sáré, ọta àwọn ọ̀tá kì í bà á. Ẹ ní ìtàn fẹ́lẹ́? Wọ́n padà lọ sí ìgbà èwe Faith, wọ́n fún un ní àwọn òbí tó pàdánù, alágbàtọ́ tó ń jẹ́ Noah, àti ọ̀tá kan tó ń jẹ́ Gabriel Kruger, olówó tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣọ́ gbogbo ìlú. Ẹ ní kò gùn? Wọ́n fi iṣẹ́ ìjẹ́, ìdíje eré sísá àti ohun tí a lè ṣà kiri kún orí òrùlé. Ẹnikẹ́ni tó ń ta á tún lè la ipa ọ̀nà tirẹ̀, kí ó sì pe àwọn mìíràn níjà pé kí wọ́n wá sá a.

Àbọ̀ tí àwọn alámèyítọ́ jẹ́ pín sí méjì. Eré sísá náà ṣì dùn, ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n yin ẹwà ìlú náà àti orin Solar Fields, ará Sweden tó kọ orin ti èkíní náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlú náà tóbi láìní ẹ̀mí nínú, pé iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó kún inú géèmù mìíràn, àti pé ìtàn rẹ̀ ṣì jẹ́ ìtàn tí wọ́n ti gbọ́ rí. Wọ́n ní ìjà náà ṣì ń dá eré dúró. Èyí tó bí ọ̀pọ̀ nínú jù ni pé DICE ti àwọn ìgbésẹ̀ kan pa mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Yíyí gbirigbiri nígbà tí a bá balẹ̀, tí ẹni tó ta èkíní ti mọ̀ bí ẹni mọ owó, di ohun tí a ní láti kó àmì jọ kí a tó rí gbà. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ rọ̀ sí àyíká 70 nínú 100.

Kí ló fà á?

Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni pé ìyanu kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọdún 2008, Faith nìkan ló ń sá irú eré yẹn. Kí ó tó padà dé, Titanfall ti ń jẹ́ kí jagunjagun sáré lára ògiri ní ọdún 2014, Dying Light sì ti kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fi parkour sá fún òkú tó jí ní ọdún 2015. Ẹni tó ṣe ìfihàn ọgbọ́n náà wá dé bí àlejò níbi àsè tí òun gan-an dá sílẹ̀.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Òótọ́ ni pé ọ̀nà inú èkíní há, ṣùgbọ́n híhá yẹn gan-an ni àwọn oníṣẹ́ fi rí ààyè wọn gbogbo ìgbésẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí asáré yóò ti wá, iye ẹsẹ̀ bàtà tí yóò fò, àti ìgbà tí páìpù pupa yóò bọ́ sí i lójú. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú sílẹ̀, òrùlé kan náà di ibi tí ènìyàn lè gbà wọlé láti ìhà mẹ́rin, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè wọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn alámèyítọ́ ní ìhámọ́ ń dun àwọn, òótọ́ sì ni. Oògùn tó jáde láti inú ẹjọ́ wọn ló mú adùn náà lọ pẹ̀lú ìrora.

Ẹ̀kẹta kan iṣẹ́ ìròyìn fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ní yàrá ìròyìn rí mọ bí ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣe máa ń rí. Ẹni tó ń kọ àgbéyẹ̀wò géèmù á sáré parí ìtàn inú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, á kọ ọ́, á sì fi máàkì tì í. Irú géèmù yìí kì í tú àṣírí rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Adùn rẹ̀ wà nínú àsátúnsá, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti mọ ọ̀nà tí ojú kò wá ọ̀nà mọ́. Ìtàn inú rẹ̀, tí ó jẹ́ ibi tó ti rọ jù, ni akọ̀ròyìn tó ń kánjú rí jù. Oṣù Karùn-ún ọdún 2016 sì ni Uncharted 4, Doom àti Overwatch jáde tẹ̀lé ara wọn. Ta ni yóò ráyè sá ọ̀nà kan nígbà ogún?

Èmi kò sọ pé kí a dá DICE láre pátápátá. Kò sí ọjọ́ tí a lè fi kún ti akọ̀ròyìn tí yóò sọ títi ìgbésẹ̀ pa di ìwà ọgbọ́n. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdájọ́ tó tọ̀nà nípa àbùkù kan lè kùnà nípa gbogbo iṣẹ́ náà, máàkì ẹyọ kan kò sì lè gbé méjèèjì.

Àbájáde rẹ̀ kò kéré. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016 náà ni Battlefield 1 jáde láti ọwọ́ DICE, ibi ìbọn sì ni ilé-iṣẹ́ náà gbájú mọ́ láti ìgbà náà. A kò tíì rí apá kẹta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, EA pa ìhà íntánẹ́ẹ̀tì Catalyst dé, àwọn ọ̀nà tí àwọn tó ń ta á là fún ara wọn sì bá a lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó fẹ́ràn géèmù náà jù ló kọ́kọ́ parẹ́. Ìwé tí àwọn alámèyítọ́ bá wí ní ọdún 2016 ṣì lè wà lórí pẹpẹ kí àwọn ọmọ wa kà á kí wọ́n sì tún ẹjọ́ rẹ̀ dá. Géèmù tó bá gbára lé ẹ̀rọ olówó kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lámèyítọ́, yálà ti géèmù, ti sinimá tàbí ti ìwé, ní gbèsè méjì láti san. Kí ó sọ ibi tó dùn ún láìfi bò, kí ó sì padà síbi iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ariwo ọjà bá ti rọlẹ̀, kí ó tún un wò. Èyí tí a sábà máa ń san ni ti àkọ́kọ́. Catalyst ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ dá nìkan sá a lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tó bá ní wákàtí mélòó kan, kí ó lọ sórí òrùlé Ìlú Gíláàsì, kí ó pa ìtàn Kruger tì, kí ó yan ọ̀nà kan, kí ó sì sá a títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó fún un ní máàkì.