Bí Ìdílé Mùsùlùmí Ṣe Lè Ṣàbẹ̀wò sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù Pẹ̀lú Owó Tí Kò Pọ̀

Ní Òkè-Àdó níbí, ó ṣòro kí èèyàn ka ilé mẹ́wàá kó má kan ilé kan tí ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bí ọmọ bá bímọ, tàbí tí ó fẹ́ ṣe nikah, ìpè á dé: "Màmá, ẹ máa bọ̀." Ohun tí bàbá ilé máa ń kọ́kọ́ rò ni iye tí yóò ná wọn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kí èèyàn tó kúrò ní Ìbàdàn ni owó ti ń lọ jù. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, tí ẹ sì ní ilé ẹbí tí ẹ ó sùn sí, owó ojúmọ́ lè kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, pásípọ́ọ̀tù ọlọ́dún márùn-ún ti di ₦100,000. Físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà di £127 ní oṣù kẹrin ọdún náà, iye kan náà sì ni ọmọdé àti àgbà ń san. Ní iye ọdún 2025 yẹn, £635 ni ti ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá fún yín ní físà. Nítorí náà, bí owó kò bá tó, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ìrìn àjò náà kàn gan-an lọ ná. Ẹ fi owó mọ́tò Challenge sí Èkó kún un pẹ̀lú, nítorí Èkó ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ti ń lọ tẹ ìka.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù nìyí. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò máa ń wo bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde ní báǹkì yín fún oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn kan á lọ yá mílíọ̀nù mélòó kan, wọ́n á kó o sí àkáǹtì fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè dà bíi tiwọn, wọ́n á sì dá a padà pẹ̀lú èlé. Ribá nìyẹn, irọ́ sì ni pẹ̀lú. Lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n bá mú pé ó fi ẹ̀tàn tọrọ físà lè má rí ilẹ̀ náà wọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ló fẹ́ gbé ìnáwó náà, kò sí àléébù níbẹ̀. Kí ó kọ lẹ́tà, kí ó fi ìwé owó oṣù àti ìwé báǹkì rẹ̀ hàn, kí ẹ̀yin náà fi tiyín hàn bó ti wù kó kéré mọ. Ẹ fi ohun tí yóò mú yín padà wálé hàn pẹ̀lú: iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù, ilé, àwọn ọmọ tó kù nílé.

Ìyá tó ń lọ ran ìyá ìkókó lọ́wọ́, kó sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Òfin gbà kí òbí ṣe é fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí kò gbà ni kó sọ ọ́ di iṣẹ́ olówó oṣù. Kó kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ dání, pẹ̀lú ìwé dókítà. Ìtọ́jú pàjáwìrì ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá àlejò dúró sí wọ́ọ̀dù, ìlọ́po kan ààbọ̀ iye ìtọ́jú náà ni wọ́n lè gbà. Inṣọ́ránsì ìrìn àjò dín owó ju ìyẹn lọ. Ẹ má di ẹran, pọ̀nmọ́, kílíṣí tàbí wàrà sínú ẹrù, nítorí wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Èlùbọ́ àti ata rodo kò wọ́n nílẹ̀ ní Rye Lane, Peckham.

Ní Heathrow, ẹ má jẹ́ kí ìkánjú gbé yín wọ ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá. Èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, Piccadilly, dé àárín ìlú ní owó tó kéré jọjọ sí i. Bọ́ọ̀sì wọn kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014. Káàdì báǹkì tàbí Oyster ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ, kí àgbà kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Ní ọdún 2025, £1.75 ni ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹ bá sì fi káàdì kan náà wọ òmíràn kí wákàtí kan tó pé, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ sí i. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í san owó bọ́ọ̀sì.

Bọ́ọ̀sì 12 láti Peckham ń gba orí afárá Westminster kọjá lẹ́bàá ilé aṣòfin wọn. Ẹ jókòó sí òkè, ẹ ó rí gbogbo ohun tí àwọn olówó ń san owó ńlá láti wò. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ British Museum. Orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní ọdún 1938 wà lára ohun tí wọ́n ní. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí i, kó bínú, wọn kì í gba owó lórí ìyẹn náà. Yàrá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ilẹ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n ṣí ní 2018 tún wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ náà ni Victoria and Albert, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì Ardabil wà, tí wọ́n ti hun parí ní Ìráànì láti bí ọdún 1540. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n ń tan iná sí i ní gbogbo ààbọ̀ wákàtí, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ṣá, nítorí náà ẹ ní sùúrù.

Ti ìrun ló máa ń rú àlejò lójú. Nílé, Magrib kì í jìnnà sí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje láti ọdún dé ọdún. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní oṣù Kẹfà, ó di lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ gba ìwé àkókò ìrun ní mọ́sálásí tó bá sún mọ́ yín. Mọ́sálásí ńlá wà ní Whitechapel àti ní Regent's Park. Àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà ní tiwọn ní Old Kent Road, níbi tí wọ́n ti sọ ilé ọtí kan di mọ́sálásí nígbà kan rí. Ẹni tó bá ti gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú kan, kíkí ìrun pé ni tirẹ̀ ní mazhab Imam Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé. Kì í gé e kúrú mọ́. Kí ẹ má sì kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ bí a ṣe ń ṣe nílé: láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àárín ìlà-oòrùn àti gúúsù ni Mẹ́kà wà.