Ìtọ́jú Ojú Gbígbẹ nínú Àìsàn Sjögren

Henrik Sjögren, dókítà ojú ará Sweden, ni ó kọ̀wé lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ ní ọdún 1933 lórí àìsàn yìí, nínú èyí tí àwọn ọmọ-ogun ara, tí Ẹlẹ́dàá fi ń ṣọ́ wa lọ́wọ́ àrùn, ń kọjú idà sí orísun omijé àti itọ́. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé. Àwọn obìnrin ni àìsàn náà ń bá jà jù. Láti mọ̀ bóyá ojú ti gbẹ, dókítà a fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Bí omi kò bá rìn kọjá mìlímítà 5 lára rẹ̀, ojú ti gbẹ nìyẹn.

Ojú lọba ara, nítorí náà omijé àtọwọ́dá ni a kọ́kọ́ ń kán sí i lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, pàápàá irú èyí tí wọn kò fi èròjà tí kì í jẹ́ kí oògùn bàjẹ́ sí, nítorí èròjà náà a máa ha ojú. Bí ìyẹn kò bá tó, dókítà lè fi oògùn cyclosporine pẹ̀tù sí ogun inú ojú, kí ó dí ihò tí omijé ń gbà ṣàn lọ sí imú, tàbí, ọgbọ́n tí ó yẹ ká kan sáárá sí, kí ó fi omi inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe oògùn tí yóò máa kán sójú. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣàdédé ń dùn ún gan-an, tàbí tí kò ríran dáadáa mọ́, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí egbò lè ti yọ lára ẹyinjú.